Ẹni Tí Mo Fi Pamọ́

Minnesota, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, 1917

Ìyá mi Eveliina,

Ẹ kú àtìjọ́, ẹ kú òtútù. Tí ẹ bá béèrè àlàáfíà mi, mo wà. Àyà Nestori ọkọ mi nìkan ni kò dára. Eruku kùsà irin ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń wúkọ́ bí àgùntàn tí òjò pa. Ilé tí mo ti ń gbọ́únjẹ fún àwọn awakùsà kò tíì kógbá wọlé. Ọmọ ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn, wọ́n sì máa ń jẹun bí ẹni tó fẹ́ jẹ tábìlì mọ́ ọn.

A gbọ́ níbí pé ọba Rọ́ṣíà ti ṣubú, pé ilẹ̀ wa Finland fẹ́ dá dúró. Àwọn èèyàn kọrin ní gbọ̀ngàn òṣìṣẹ́, wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún díẹ̀, kí n tó rántí ahéré yín. Ìyá, orí ilẹ̀ Penttilä lẹ ṣì wà. Ẹ ṣì ń gé koríko rẹ̀ kí ẹ tó gé tiyín, ẹ ṣì ń wa ọ̀dùnkún rẹ̀ kí yìnyín tó bo tiyín mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ nítorí ìṣákọ́lẹ̀. Abẹ́ igi tí bàbá mi ń gé fún un ló kú sí. Kí ilẹ̀ ibojì rẹ̀ tó gbẹ, Penttilä ti ránṣẹ́ pé ta ni yóò wá gé igi tó kù. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Èmi kò gbàgbé o.

Àbúrò mi ńkọ́? Arvi kò kọ̀wé sí mi láti ìgbà ìkórè. Ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó wọ ṣòkòtò onírun tí mo fi ránṣẹ́, kí ó má tà á. Ẹ sì sọ fún un pé kí ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lọ sípàdé. Ẹni tó bá ń tẹrí ba lójoojúmọ́, ọrùn rẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nà án.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi níbí. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti ń dùn mí.

Ọmọ yín,
Saimi


Korvenpää, lẹ́bàá Tampere
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní, 1918

Saimi ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Fún un ní omi èèhù igi páìnì gbígbóná pẹ̀lú oyin. Ohun tí mo fún bàbá rẹ nìyẹn, ikọ́ kọ́ ló sì pa á.

Òmìnira tí ẹ ń kọrin rẹ̀ ti dé. Pásítọ̀ kà á sí wa létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà délé, búrẹ́dì tí mo fi èèpo igi lú pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun náà ni mo bá lórí tábìlì, kò tíì gbọ́ ìròyìn.

Arvi wá kí mi nígbà Kérésìmesì. Ó ti rù. Ṣòkòtò rẹ wà nídìí rẹ̀, má ṣèyọnu. Àmọ́ aṣọ pupa wà ní apá rẹ̀, ìbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Arvi, kí lo fẹ́ fi ìyẹn pa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ebi ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n ti ń yìnbọn fún ebi báyìí?"

"Tí a bá mọ ilé tó ń sùn sí."

N kò rẹ́rìn-ín. Saimi, ìwọ ni mo ń bá wí. Àwọn ìwé ìròyìn tí o ń fi wé ẹrù ránṣẹ́ sí wa, ó ti kà wọ́n títí wọ́n fi ya. Ìwọ wà lókè òkun, o ń na ìka sí wa. Ibi tó bá ti fọ́, àwa la ó wà lábẹ́ rẹ̀. O ní ẹni tó ń tẹrí ba á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró. Ẹni tí wọ́n bá bẹ́ lórí ńkọ́?

Penttilä náà ti kó àwọn ọmọ onílẹ̀ jọ, wọ́n ń kọ́ ogun jíjà nínú abà rẹ̀. Wọ́n so aṣọ funfun mọ́ apá. Nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó wò mí, ó ní, "Eveliina, pe ọmọ rẹ wálé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju ohun tó rí lọ, tí kì í bú èèyàn, tí kì í sì í ṣàánú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ pe tiyín."

N kò lè wá sí Amẹ́ríkà. Ta ni yóò máa fún màlúù ní koríko?

Ìyá rẹ,
Eveliina


Korvenpää
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 1918

Saimi,

N kò mọ̀ bóyá ìwé yìí á kúrò nílẹ̀ yìí. Ogun ti dé. Àwọn Pupa, ẹgbẹ́ Arvi, ló di Tampere mú, àwọn Funfun, ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀, ń ti àríwá bọ̀. Ẹnì kan ní òun ń lọ sí Sweden, òun ni mo ń fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo gbọ́ ìbọn ní ilé ńlá. Ìbọn náà dún, ó tún dún. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn mi ṣí, Penttilä wọlé láìdé fìlà, yìnyín bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Wọ́n ti pa Oskari." Oskari alábòójútó oko rẹ̀ ni, o rántí rẹ̀, ẹni tó máa ń ta ọtí fún àwọn èèyàn lẹ́yìn abà. Kò bẹ̀ mí, ó kàn dúró síbẹ̀.

N kò ronú. Ká ní mo ronú ni, bóyá ǹ bá tì í síta. Mo gbé pákó ilẹ̀, mo ní kó wọ inú ihò ọ̀dùnkún, mo da pákó padà, mo fa ẹní bò ó. Mo wá dúró lórí rẹ̀, mo ń po ìyẹ̀fun tí kò sí nínú ọpọ́n.

Wọ́n wọlé. Ọ̀gá wọn ni Hurme, ọkùnrin Pupa kan láti ilé iṣẹ́ bébà. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, àṣá kan fò gba ibí. Níbo ló bà sí?"

Mo ní, "Àṣá wo? Adìẹ ni mo ní, ẹ sì ti jẹ ẹ́ tán lóṣù tó kọjá."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Hurme kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún àpò koríko tí mo ń sùn lé títí ó fi túká, ó gún aṣọ bàbá rẹ tó wà lára ògiri. Ó wá ní, "Arvi, ìyá rẹ ni. Wo ilé náà dáadáa."

Arvi ni, Saimi. Ẹ̀yìn wọn ló wà. Ó súnmọ́ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ sún."

"N ò sún."

"Ìyá, mo ní ẹ sún!"

"Ẹni tí mo bí ló ń sọ fún mi pé kí n sún nínú ilé mi?"

Ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu. Mo ṣubú lu ààrò, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya bo àyà mi. Mo ń wò láti ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ Penttilä wà lórí pákó, omi yìnyín rẹ̀ kò tíì gbẹ, bàtà ńlá, láti ẹnu ọ̀nà lọ tààrà sí abẹ́ ẹní. Arvi rí i. Mo rí i bó ṣe rí i. Ó wá gbé bàtà tirẹ̀ lé e, ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rìn lọ títí ó fi dúró lórí ẹní náà gan-an, ó sì fẹsẹ̀ janlẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí àfi obìnrin olórí kunkun. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó jẹ́ kí àwọn tó kù kọ́kọ́ jáde. Kò wo ẹ̀yìn.

Penttilä jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gba inú igbó lọ bá àwọn Funfun. Kò sọ pé o ṣé. Eyín tó kù lẹ́nu mi ń mì. Gbàdúrà fún wa, tí ẹ bá ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀.

Ìyá rẹ


Minnesota
Ọjọ́ ogún oṣù Karùn-ún, 1918

Ìyá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ẹni tí mo ń kí ṣì wà láyé. Láti oṣù Kìíní, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwé ìròyìn ní Tampere ti ṣubú, wọ́n ní wọ́n to àwọn èèyàn mọ́ ògiri, wọ́n sì rọ̀jò ọta lé wọn lórí. Wọ́n kọ orúkọ àwọn àdúgbò tí mo mọ̀. Wọn kò kọ orúkọ Arvi. Mo ń ka ìwé ìròyìn kan náà lákàtúnkà bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ á jáde tí mo bá tẹjú mọ́ ọn.

Àwa náà kò sinmi níbí. Amẹ́ríkà wà lójú ogun, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin forúkọ sílẹ̀. Nestori ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọkùnrin ìlú wá sí ilé oúnjẹ mi ní ọ̀sán gangan, wọ́n fi aṣọ bojú, àmọ́ mo mọ ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ló máa ń gé ẹran fún mi. Wọ́n wọ́ ọkọ mi jáde láti ìdí ọbẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ síhòòhò lójú pópó, wọ́n da ọ̀dà gbígbóná lé e láti èjìká dé itan, wọ́n ya ìrọ̀rí mi, wọ́n sì da ìyẹ́ inú rẹ̀ sí i lára. Ìrọ̀rí tí ẹ rán fún ìgbéyàwó mi ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin dúró ní fèrèsé, wọ́n ń wò.

Kẹrosíìnì àti ọ̀rá ni mo fi bó o kúrò, awọ ara rẹ̀ sì ń bá a wá. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ní, "Saimi, bóo bá fa ìyẹ́ yìí tán, ṣé wàá sun mí ni àbí wàá sè mí?" Mo gbá a létí, lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún.

Ìyá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi. Ẹ kọ "ó wà" tàbí "kò sí mọ́."

Saimi


Korvenpää
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1918

Saimi ọmọ mi,

Ó wà. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí n tó kí ọ. Mo kí ọ, mo kí Nestori. Fi ọ̀rá àgùntàn pa ojú egbò rẹ̀, má fi bébà bò ó.

Nígbà tí Tampere ṣubú, mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n kó àwọn Pupa sí ibi ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n fi wáyà ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí ẹran ọjà. Òkú wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bò lójú. Mo ń yí wọn padà, mo ń wo ojú wọn. Mo rí Hurme, àgbọ̀n rẹ̀ ti lọ. Mo rí ọmọkùnrin tó ń ta ẹja oníyọ̀ fún wa. Nígbà tí mo débi wáyà, mo ń pariwo orúkọ Arvi títí ohùn mi fi há. Ẹni tó dá mi lóhùn, n kò mọ̀ ọ́n. Irùngbọ̀n bò ó lójú, ọta ìbọn ti gba inú apá rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ìyá, ẹnu yín ńkọ́?" Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè nìyẹn.

Wọ́n ní ìgbìmọ̀ á dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní tí onílẹ̀ kan tó ní orúkọ rere bá jẹ́rìí fún un, wọ́n lè dá a sílẹ̀. Mo lọ sí ilé ńlá. Penttilä ń jẹun pẹ̀lú Amanda ìyàwó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, Saimi. Èmi tí n kò kúnlẹ̀ fún un nígbà tí igi pa bàbá rẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé ó gbà yín là. Ó rí ojú ẹsẹ̀ yín. Ó fi bàtà rẹ̀ pa á rẹ́."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Inú òkùnkùn ni mo wà, Eveliina. N kò rí i."

"Èmi rí i!"

"Nígbà náà, ìwọ ló lè búra sí i. Ohun tí mo rí láti fèrèsé mi ni pé Arvi wà láàárín àwọn tó dúró nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oskari. Ohun tí mo gbọ́ láti inú ihò ni pé ó lu ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní kí n fọwọ́ lé Bíbélì. Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ parọ́!" Mo kígbe. "Èmi ńkọ́? Mo parọ́ nítorí yín, ìbọn sì wà níwájú mi. Ṣé Ọlọ́run pa mí ni?"

Amanda ti ń sunkún. Ó ní, "Kustaa, ó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni."

Ọkọ rẹ̀ ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ó ní, "N kò lè fi Ọlọ́run jẹ́rìí sí ohun tí n kò rí."

Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó sọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Èmi náà sọ tèmi. Wọ́n ní ìyá ni mí, ẹ̀rí mi kò wúwo. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fún Arvi. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí àgọ́ kan létí òkun ní gúúsù. Wọ́n ní kò sí oúnjẹ níbẹ̀.

Ìyá rẹ


Minnesota
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, 1918

Eveliina,

Ọjọ́ kan náà ni ìwé oṣù Kẹta àti ti oṣù Kẹfà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ka èyí tí ẹ ti gba Penttilä là, mo ka èyí tó fẹ́ pa Arvi, kọfí mi kò sì tíì tutù.

N kò ní kí yín. Ẹ gbé pákó ilẹ̀ fún ẹni tí igi rẹ̀ pa ọkọ yín. Ká ní ẹ dúró láìṣe nǹkan kan ni, ká ní ẹ kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀ kúrò lórí ẹní, Hurme ì bá ti ṣe èyí tó kù, kì bá sì sí Penttilä tí yóò lọ fọwọ́ lé Bíbélì. Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi inú rere yín gbẹ́ ibojì Arvi. Mo ṣe bí akíkanjú ni yín. Ẹrú ni yín. Àṣà ẹrú ni kó máa sáré gba olówó rẹ̀ là kó tó ronú.

Nestori ní kí n má fi ìwé yìí ránṣẹ́. Mo ní kí ó dákẹ́, pé òun náà ló dúró tí wọ́n fi da ọ̀dà sí i lára.

Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́.

Saimi


Korvenpää
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, 1918

Saimi ọmọ mi,

O ní kí n má kọ̀wé, mo gbọ́. Tí o bá fẹ́, fi í dáná. Àmọ́ ẹnì kan lábúlé yìí á kọ̀wé sí ọ pé wọ́n fún Arvi ní májèlé jẹ, irọ́ ló pa. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Kì í ṣe àánú. Àwọn tó ń kú níbẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tí yóò sin wọ́n lọ, wọ́n wá ń lé àwọn tó bá lè rìn lọ sílé. Ó ti ibùdókọ̀ ojú irin rìn wá, ó di ọgbà mú. Mo gbé e wọlé lọ́wọ́ mi méjèèjì, èmi arúgbó. Egungun ló kù. Ó ní àwọn ń jẹ koríko, àwọn ń jẹ awọ bàtà, pé ọkùnrin kan tó sùn ti òun kú lálẹ́ ọjọ́ kan, òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí òun lè gba búrẹ́dì rẹ̀ mọ́ tòun.

Mo ń fún un ní omi ọkà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó lè dìde, àáké ló kọ́kọ́ mú. Mo ní, "Arvi, igi wà nílẹ̀ tí mo ti là." Ó gba inú oko lọ, ó ń fi àáké náà tilẹ̀ bí ọ̀pá, mo ń tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀ ẹ́. Penttilä rí i láti òkèèrè. Ó jáde, ó dúró lójú àgbàlá rẹ̀, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

Arvi ní, "Ìwọ." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe ọkùnrin yẹn ní ìwọ rí. "Ìwọ. O ní o kò rí mi."

"N kò rí ọ."

"Orí rẹ ni mo dúró lé. Mo ń gbọ́ bí eyín rẹ ṣe ń gbá pọ̀. O ń pe orúkọ Amanda. O pè é, o tún pè é. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí Hurme má baà gbọ́ ọ."

Saimi, mo rí ojú Penttilä. Ó dà bí ilé tí àjà rẹ̀ wó sínú. Ó ní, "Mo pè é. Òótọ́ ni."

Arvi gbé àáké. Ó gbé e dé èjìká, kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Apá tí ọta gbà kọjá kọ̀ fún un. Ó ń gbìyànjú, ó ń sunkún, ó ń bú u, ó tún gbé e, ó ṣubú sórí irin àáké, ìka rẹ̀ ya. Penttilä kò yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ mi sẹ́yìn, ó sì pọ̀n ọ́n padà wá sí ahéré wa. Arvi ń lu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó ń lù ú bí ọmọdé, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò dún rárá.

Ọjọ́ kejì, Amanda fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, àti bọ́tà, pẹ̀lú wàrà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sè. Mo ní kí ó gbé e sókè, pé n ó máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Mo lọ fún màlúù lómi. Ìgbà tí mo dé, gbogbo àwo ti mọ́, ó ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Inú rẹ̀ le bí òkúta. Ó ké láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń yí lórí ilẹ̀, ó ń fi orí lu ògiri, mo dì í mú, ó gé mi jẹ lápá. Dókítà tó wá ní ikùn tí ebi ti pa tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba ọ̀rá. Oúnjẹ ló pa á. Oúnjẹ rere, tí èèyàn fi omijé sè. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, n kò mọ ẹni tí n ó dá lẹ́bi, mo sì ti wá a.

Pásítọ̀ gbà kí a sin ín sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìkangun nídìí ògiri. Ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n lu agogo. Ó ní wọn kì í lu agogo fún ẹni tó gbé ìbọn sí òfin. Èmi, obìnrin mélòó kan, àti ọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ la wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń sọ pósí sílẹ̀ nígbà tí agogo bẹ̀rẹ̀.

Penttilä ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé agogo máa ń wà, alàgbà ìjọ ni. Pásítọ̀ pariwo, àwọn ọmọ Funfun tó wà lẹ́nu géètì sáré gòkè, àwọn kan náà tí ó kọ́ ní ogun nínú abà rẹ̀. Wọ́n fà á kúrò nídìí okùn, wọ́n wọ́ ọ jáde sórí yìnyín, wọ́n ń fi ìdí ìbọn lù ú. Wọ́n ń pè é ní olóòótọ́ èké, wọ́n ń pè é ní ìyá àwọn Pupa. Ó fi ọwọ́ bo orí, wọ́n lu ọwọ́ náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣẹ́.

Mo dúró létí ibojì. Àwọn obìnrin ń wò mí, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí n ó ṣe. O ní ẹrú ni mí, pé mo máa ń sáré kí n tó ronú. Lọ́jọ́ náà, mo ronú. N kò gbẹ́sẹ̀. Mo wo bí wọ́n ṣe ń lù ú, inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fa okùn mọ́, àmọ́ agogo náà ń mì fúnra rẹ̀ lókè, ó ń dún, ó ń dún, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ọkùnrin náà má tíì da iyẹ̀pẹ̀ sí i títí yóò fi dákẹ́.

Yìnyín ti pọ̀. Màlúù wà dáadáa.

Ìyá rẹ,
Eveliina


Minnesota
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 1919

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ìwé yín dé nígbà tí àwọn awakùsà ń jẹun. Mo kà á lórí ìdúró, n kò mọ̀ pé ohùn mi ń jáde. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ti gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti agbègbè Tampere wá bọ́ fìlà.

N kò mọ ohun tí mo lè sọ nípa ìwé mi ti oṣù Kẹjọ. Mo ti gbìyànjú, bébà ti tán.

Ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Awọ tuntun ti bo ẹ̀yìn Nestori, ó pupa, ó sì ń yún un. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá Penttilä yè é.

Èmi kò béèrè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Saimi